Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Oscilloscope Wọn Ìyàtọ̀ Féèsì Láàárín Sígínà Iná Méjì

Ìgbì iná méjì lè jọra délẹ̀, kí fíríkúẹ́ńsì wọn (iye àyípo ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) jẹ́ ọ̀kan náà, kí wọ́n sì ga bákan náà, síbẹ̀ kí wọ́n má gbéra pọ̀. Ọ̀kan á ti máa gòkè kí èkejì tó mira. Àlàfo tó wà láàárín ìgbéra wọn ni ìyàtọ̀ féèsì, dígírì la sì fi ń kà á. Àyípo kan gbáko jẹ́ 360 dígírì, ìlàjì àyípo jẹ́ 180, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 90.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wo iye àkókò tí ìgbì kan fi kẹ́yìn èkejì, ẹ pe ìyẹn ní Δt. Ẹ wo iye àkókò tí àyípo kan ń gbà, ìyẹn T. Ẹ fi T pín Δt, kí ẹ sì fi 360 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Ìyàtọ̀ féèsì nìyẹn, φ:

φ = Δt ÷ T × 360

Kò sẹ́ni tí ìṣirò yìí ń dà láàmú. Ibi tí wàhálà wà ni skóòpù (oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì iná sójú skíríìnì) fúnra rẹ̀ àti bí a ṣe tò ó. Bọ́tìnì kan ṣoṣo tó wà níbi tí kò yẹ lè fi dígírì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún èsì yín, kí àwòrán sì dúró dáadáa lójú skíríìnì bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Nítorí náà, orí ìmúrasílẹ̀ ni a máa pẹ́ sí jù.

Ohun kan ṣáájú ohun gbogbo: fíríkúẹ́ńsì sígínà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà gẹ́lẹ́. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 1,000 Hz tí èkejì jẹ́ 1,001 Hz, ìyàtọ̀ féèsì wọn kò ní dúró lójú kan. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á ti yí 360 dígírì po. Lórí skíríìnì, ẹ ó rí ìgbì kan tó dúró jẹ́ẹ́ àti òmíràn tó ń sá lọ. Bí ẹ bá ti rí èyí, kò sí ìyàtọ̀ féèsì tí ẹ fẹ́ wọ̀n níbẹ̀.

Sákíìtì tí ẹ máa fi kọ́ ọwọ́

Ẹ nílò skóòpù oníṣánẹ́ẹ̀lì méjì, próòbù méjì (wáyà tí a fi ń gbé sígínà wọ skóòpù) tó jẹ́ irú kan náà, ẹ̀rọ tó ń pèsè sígínà, résísítọ̀ 1 kΩ kan àti kapásítọ̀ 100 nF kan. Ẹ so ẹsẹ̀ kan résísítọ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ sígínà. Ibẹ̀ la ó máa pè ní ojú A. Ẹ so ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì mọ́ kapásítọ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni ojú B. Ẹsẹ̀ kapásítọ̀ tó kù á lọ sí gíráóǹdù ẹ̀rọ sígínà. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí ìgbì sáìnì, 1 kHz, nǹkan bíi 4 V láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ìdí tí mo fi yan sákíìtì yìí ni pé a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan skóòpù. Kapásítọ̀ ń gba àkókò láti kún àti láti ṣófo, nítorí náà ojú B gbọ́dọ̀ kẹ́yìn ojú A. Pẹ̀lú iye tí a yàn yìí, 32.1 dígírì ni yóò fi kẹ́yìn ní 1 kHz. Àyípo kan gba 1 ms, ìyẹn 1,000 µs, nítorí náà nǹkan bíi 89 µs ni àlàfo náà. Gíga ìgbì ojú B á sì jẹ́ ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ti ojú A. Ẹ rántí pé kapásítọ̀ kì í sábà jẹ́ iye tí wọ́n kọ sí i lára gẹ́lẹ́. Bí ó bá lè fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kéré tàbí tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohunkóhun láàárín 29.5 sí 34.7 dígírì tọ̀nà. Bí ẹ bá rí 12 tàbí 50, skóòpù ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tún próòbù ṣe

Ẹ gbé próòbù méjèèjì sí 10X, ìyẹn ipò tó ń sọ sígínà di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ pé ọ̀kan wà ní 10X tí èkejì wà ní 1X, nítorí bí sígínà ṣe ń gba inú wọn kọjá kò rí bákan náà, àlàfo tó bá tibẹ̀ wá á sì dà bíi ti sákíìtì yín.

Iwájú skóòpù ní ibi kékeré kan tó ń mú ìgbì onígun jáde, 1 kHz ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ so próòbù kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, ẹ wo igun ìgbì náà. Bí igun bá yọ ṣóńṣó sókè tàbí tó tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́, ẹ fi ìtúdè (screwdriver) oníke yí ìdè kékeré tó wà lára próòbù díẹ̀díẹ̀ títí orí ìgbì náà á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ ṣe é fún próòbù kọ̀ọ̀kan lórí ṣánẹ́ẹ̀lì tó máa lò, nítorí bí ẹ bá pààrọ̀ wọn lẹ́yìn náà, àtúnṣe yẹn lè má bá ṣánẹ́ẹ̀lì kejì mu mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá òdo

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun gan-an ni mo kà sí pàtàkì jù. Kí ẹ tó wọn ojú B rárá, ẹ so próòbù méjèèjì mọ́ ojú A. Sígínà kan náà ló ń wọ ṣánẹ́ẹ̀lì méjèèjì báyìí, nítorí náà ìyàtọ̀ féèsì tòótọ́ jẹ́ òdo. Ẹ tẹ́ ìgbì méjèèjì léra lórí skíríìnì. Ó yẹ kí ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀ pátápátá.

Bí àlàfo bá yọ, kì í ṣe ti sákíìtì. Ti próòbù ni, tàbí ti bí a ṣe to skóòpù. Ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí ohun tó kù bá kéré tí kò sì ṣeé yọ kúrò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èsì tó gbẹ̀yìn. Fíríkúẹ́ńsì tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ gan-an ni kí ẹ fi wá òdo yìí. Òdo tí ẹ rí ní 1 kHz kò sọ nǹkan kan fún yín nípa 1 MHz.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ to ṣánẹ́ẹ̀lì

Ẹ fi próòbù CH1 (ṣánẹ́ẹ̀lì kìíní) sílẹ̀ ní ojú A, ẹ gbé ti CH2 (ṣánẹ́ẹ̀lì kejì) lọ sí ojú B. Wáyà gíráóǹdù próòbù méjèèjì á lọ sí gíráóǹdù sákíìtì. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè lọ, nítorí nínú ọ̀pọ̀ skóòpù orí tábìlì, wáyà méjèèjì pàdé nínú àpótí ẹ̀rọ náà, wọ́n sì dé orí ẹ́ẹ̀tì (earth) iná ilé.

Ẹ gbé COUPLING (ọ̀nà tí sígínà ń gbà wọlé) ṣánẹ́ẹ̀lì méjèèjì sí DC. Ó máa ń wu ènìyàn láti lo AC kí ìgbì lè wá sí àárín láìṣe wàhálà, ṣùgbọ́n kapásítọ̀ kan ni AC ń fi sójú ọ̀nà sígínà, kapásítọ̀ yẹn náà sì ń ti féèsì síwájú bí fíríkúẹ́ńsì bá ti kéré. Ká ní 10 Hz ni ààlà rẹ̀: sígínà 50 Hz tó gba ibẹ̀ kọjá á sún síwájú ní 11.3 dígírì. Bí CH1 bá wà lórí AC tí CH2 wà lórí DC, 11 dígírì yẹn á wọnú èsì yín gbuurugbu. Bí ó bá di dandan láti lo AC nítorí pé fọ́ltéèjì tó dúró lójú kan pọ̀ jù nínú sígínà náà, ẹ fi ṣánẹ́ẹ̀lì méjèèjì sórí AC, kí ẹ sì tún òdo wá.

Ẹ wò ó bóyá INVERT wà ní títàn lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kankan, nítorí ó ń dojú ìgbì délẹ̀, ìyẹn 180 dígírì lọ́wọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni BW LIMIT, èyí tó ń dí fíríkúẹ́ńsì gíga lọ́nà: bí ẹ bá tàn án fún ọ̀kan, ẹ tàn án fún èkejì. Ààlà 20 MHz tó wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lè fi nǹkan bíi 5.7 dígírì fa sígínà 2 MHz sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: TRIGGER

TRIGGER ló ń sọ fún skóòpù ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Ẹ gbé SOURCE rẹ̀ sí CH1, SLOPE rẹ̀ sí ìgòkè, LEVEL rẹ̀ sí òdo fọ́ltì, ẹ má sì ṣí i nípò mọ́.

Lórí àwọn skóòpù àtijọ́, ibìkan wà lábẹ́ TRIGGER tí wọ́n kọ VERT MODE tàbí ALT sí. Bí ẹ bá fi síbẹ̀, ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á máa fún ara rẹ̀ láṣẹ ìbẹ̀rẹ̀. CH1 á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìgbì tirẹ̀ bá gòkè kọjá òdo. CH2 náà á dúró de ìgbì tirẹ̀. Àwòrán méjèèjì á wá bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà, ìbáà jẹ́ 90 dígírì ni ìyàtọ̀ wọn. Ẹ ó rí ìgbì méjì tó mọ́ tónítóní, tó dúró ṣinṣin, tí kò fi ohunkóhun yàtọ̀ síra, irọ́ pátápátá sì ni. Nínú gbogbo àṣìṣe iṣẹ́ yìí, òun ni mo bẹ̀rù jù, nítorí kò sí nǹkan kan lójú skíríìnì tó máa ta yín lólobó. Ó tilẹ̀ ń yege nínú ìdánwò òdo tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, nítorí òdo ló ń sọ nígbà gbogbo.

Ẹ má ṣì í mú fún ALT kejì o, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ CHOP ní ibi tí a ti ń yan bí ṣánẹ́ẹ̀lì méjèèjì á ṣe hàn. Ìyẹn ò ní ìpalára bí SOURCE bá ti wà lórí CH1 nìkan. CHOP dára fún sígínà tó lọ́ra, ALT fún èyí tó yára. Àwọn skóòpù oníkọ̀ǹpútà ayé òde òní kò nílò rẹ̀, torí pé wọ́n ń gba ṣánẹ́ẹ̀lì méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mú ìgbì méjèèjì wá sí ìlà kan

Ẹ tẹ GND lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi POSITION mú ìlà rẹ̀ wá sórí ìlà àárín gbùngbùn skíríìnì gẹ́lẹ́. Bí skóòpù yín kò bá ní GND, ẹ lo àmì kékeré tó ń fi òdo ṣánẹ́ẹ̀lì hàn ní apá òsì. Lẹ́yìn náà ẹ dá a padà sí DC, kí ẹ fi VOLTS/DIV (iye fọ́ltì tí àpótí kọ̀ọ̀kan tí a yà sójú skíríìnì dúró fún) sọ ìgbì kọ̀ọ̀kan di ńlá tó bí ó bá ti lè tóbi tó láì jáde kúrò lójú skíríìnì. Kò pọn dandan kí VOLTS/DIV méjèèjì jẹ́ iye kan náà. Àkókò là ń wọ̀n, kì í ṣe gíga.

Kí ló dé tí mo fi ní kí wọ́n tóbi? Ibi tí ìgbì ti ń la ìlà àárín kọjá la máa kà, bí ìlà náà bá sì fì díẹ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé á sún. Ká ní ìgbì kan ga ní àpótí méjì péré láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí ẹ sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá àpótí ṣi ìlà àárín: ẹ ti ṣìnà ní 5.7 dígírì. Bí ìgbì náà bá ga ní àpótí mẹ́fà, àṣìṣe kan náà kò ju 1.9 dígírì lọ.

Àwọn kan máa ń ka orí ìgbì sí orí ìgbì, nítorí ojú tètè ń rí i. Mi ò gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀. Orí ìgbì sáìnì tẹ́. Bí ẹ bá fi dígírì márùn-ún kúrò lórí ṣóńṣó rẹ̀, gíga rẹ̀ kò tíì dín ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ojú tó lè rí ìyẹn lórí ìlà tó nípọn. Ṣùgbọ́n níbi tí ó ti ń la òdo kọjá, dígírì márùn-ún kan náà ń gbé e sókè ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún gíga ṣóńṣó rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń sáré jù, ibẹ̀ ni kí a ti mú un.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kà á

Ẹ gbé TIME/DIV, ìyẹn àkókò tí àpótí kan dúró fún, sí 100 µs. Àyípo kan á gba àpótí mẹ́wàá. Ẹ wá ibi tí CH1 ti gòkè kọjá ìlà àárín, lẹ́yìn náà ibi tí CH2 ti gòkè kọjá ìlà kan náà. Ìgòkè sí ìgòkè ni o; bí ẹ bá fi ìgòkè ti ọ̀kan wé ìsọ̀kalẹ̀ ti èkejì, 180 dígírì ti wọ̀ ọ́. Lórí sákíìtì wa, àlàfo náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpótí kan, bíi 0.9. Ìyẹn jẹ́ 90 µs:

90 ÷ 1,000 × 360 = 32.4 dígírì

Ó sún mọ́ 32.1 tí a retí, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó láti ka 0.8 dípò 0.9: ìdá kan nínú mẹ́wàá àpótí yẹn jẹ́ 3.6 dígírì. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ T, ẹ yí TIME/DIV wá sí 20 µs. Àyípo kò ní gba ojú skíríìnì mọ́, kò sì burú. Àlàfo náà á ti fẹ̀ tó nǹkan bí àpótí mẹ́rin àti ààbọ̀, àṣìṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá àpótí kò sì ju 0.72 dígírì lọ mọ́. Ẹ fi TIME/DIV tó fẹ̀ wọn T, kí ẹ fi èyí tó há wọn Δt.

Ọgbọ́n kan wà tó wúlò gan-an: ẹ wọn àlàfo ìgòkè, ẹ tún wọn àlàfo ìsọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi ìdajì àròpọ̀ wọn ṣe èsì. Bí ìlà òdo ìgbì kan bá fì sókè tàbí sísàlẹ̀, ìgòkè rẹ̀ á sún sí apá kan, ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ á sún sí apá kejì ní ìwọ̀n kan náà, àwọn méjèèjì á sì pa ara wọn rẹ́. Bí ìgòkè bá sọ 86 µs tí ìsọ̀kalẹ̀ sọ 92 µs, 89 µs lẹ ní lọ́wọ́, ẹ sì ti mọ̀ pé ìlà àárín yín kò gún régé.

Fún ẹni tó ń lo skóòpù àtijọ́, ọ̀nà kan wà tí kò nílò ìṣirò púpọ̀. Ẹ yí kókó VARIABLE tó wà lórí TIME/DIV títí àyípo kan á fi gba àpótí mẹ́sàn-án gẹ́lẹ́. Àpótí kan ti di 40 dígírì nìyẹn, ìlà kékeré kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ sì jẹ́ 8. Bí ẹ bá wá fa X10 MAG, àpótí kan á di dígírì mẹ́rin. Ẹ má gbàgbé láti dá VARIABLE padà sí CAL bí ẹ bá ti parí, kí ẹni tó máa lò ó tẹ̀ lé yín má baà fi í ka àkókò.

Ta ló ṣíwájú?

Àkókò ń lọ láti òsì sí ọ̀tún lójú skíríìnì. Ìgbì tí ìgòkè rẹ̀ bá wà ní òsì ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Òun ló ṣíwájú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rò ó sí òdìkejì, wọ́n ń rí èyí tó wà ní ọ̀tún bí ẹni pé ó ti sá jìnnà. Rárá, ẹ̀yìn ló dé.

Skóòpù kò sì lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán. Ìgbì tó kẹ́yìn ní 330 dígírì àti èyí tó ṣíwájú ní 30 dígírì rí bákan náà lójú rẹ̀. Bí sákíìtì yín bá ní ọ̀pọ̀ ìpele, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti fíríkúẹ́ńsì tó kéré níbi tí ìyàtọ̀ náà ti kéré, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fojú bá àlàfo náà lọ bó ṣe ń fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti kọjá 180.

CURSOR àti MEASURE

Lórí skóòpù oníkọ̀ǹpútà, ẹ fi CURSOR onínàró kan sí ibi ìkọjá òdo CH1, èkejì sí ti CH2, yóò sì kọ Δt fún yín. Àwọn kan tún gbà kí ẹ fi àyípo kan ṣe 360, kí CURSOR máa ka dígírì fúnra rẹ̀.

MEASURE ní PHASE nínú pẹ̀lú. Ó yá, ó sì dára bí sígínà bá mọ́. Ẹ jẹ́ kí àyípo méjì tàbí mẹ́ta wà lójú skíríìnì, torí bí kò bá rí àyípo kan gbáko, kò ní rí ohun kà. Bí ariwo (ìgbọ̀n kéékèèké tí kì í ṣe ti sígínà) bá wà lórí ìgbì, ó lè la òdo kọjá lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin níbi tó yẹ kó kọjá lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà náà á sì máa fò káàkiri. Ẹ lo AVERAGE 16 tàbí 64 (ìpíndọ́gba àwòrán 16 tàbí 64) láti pa ariwo rẹ́. AVERAGE kò ní ba féèsì jẹ́ bí TRIGGER bá dúró ṣinṣin.

Ti àmì rẹ̀ tún wà: −32 ni skóòpù kan á kọ, +32 ni òmíràn á kọ fún sákíìtì kan náà, ó kù sí bí olùṣe rẹ̀ ṣe rò ó àti ṣánẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́. Sákíìtì résísítọ̀ àti kapásítọ̀ wa á yanjú rẹ̀. A mọ̀ pé ojú B kẹ́yìn. Àmì tí skóòpù yín bá fún un ni àmì ìkẹ́yìn lórí skóòpù náà.

Ọ̀nà XY

Ní 1857, Jules Antoine Lissajous, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, fi ìmọ́lẹ̀ sórí dígí tó so mọ́ fọ́ọ̀kì irin (tuning fork) méjì tó ń gbọ̀n, ó sì rí àwòrán tí ìgbọ̀n wọn jùmọ̀ ń yà. Bọ́tìnì XY ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn: CH1 á máa ti ìmọ́lẹ̀ sí òsì àti ọ̀tún, CH2 á máa tì í sókè sódò, TIME/DIV á sì yọwọ́.

Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ òdo, ìlà tó dagun sí ọ̀tún lẹ ó rí. Bí ó bá jẹ́ 180, ó dagun sí òsì. Láàárín wọn, ó rí bí ẹyin tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ mú àwòrán náà wá sí àárín gbùngbùn. Ẹ wọn gígùn ibi méjì tí ó ti gé ìlà òòró àárín, kí ẹ pè é ní a. Ẹ wọn gíga àwòrán náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ẹ pè é ní b. Sáìnì igun náà ni a ÷ b. Fún sákíìtì wa, bí b bá jẹ́ àpótí mẹ́fà, a á jẹ́ bíi 3.2, 3.2 ÷ 6 jẹ́ 0.533, igun rẹ̀ sì jẹ́ 32.2 dígírì. Bí ẹyin náà bá dagun sí òsì, ẹ yọ igun tí ẹ rí kúrò nínú 180.

Ìwé ẹ̀kọ́ fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ó dára púpọ̀ bí ìyàtọ̀ bá sún mọ́ òdo, torí ojú tètè ń mọ̀ bí ìlà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í là sí méjì. Ṣùgbọ́n ní tòsí 90, ó di aláìwúlò: 0.98 jẹ́ 78.5 dígírì, 0.99 jẹ́ 81.9, 1.00 sì jẹ́ 90. Ta ló lè ka 0.99 yàtọ̀ sí 1.00 lójú skíríìnì? Kò sì sọ ẹni tó ṣíwájú. Lórí skóòpù àtijọ́, ọ̀nà X tún sábà máa ń lọ́ra ju ọ̀nà Y lọ, nítorí náà ẹ fi sígínà kan náà sí méjèèjì lákọ̀ọ́kọ́. Bí ìlà bá là, fíríkúẹ́ńsì yín ti ga jù fún un.

Bí fíríkúẹ́ńsì bá ga

Ní 1 kHz, gígùn wáyà próòbù kò já mọ́ nǹkan. Ní 10 MHz, ìdádúró 1 ns péré jẹ́ 3.6 dígírì. Sígínà ń lo nǹkan bíi 5 ns láti rin mítà kan nínú wáyà coax tó wọ́pọ̀, nítorí náà bí wáyà kan bá fi mítà kan gùn ju èkejì lọ, 1.8 dígírì ti wọlé ní 1 MHz, 18 ní 10 MHz. Ẹ lo wáyà tó gùn bákan náà. Bí skóòpù yín bá ní DESKEW, ẹ so próòbù méjèèjì mọ́ ojú kan, kí ẹ fi DESKEW mú ìgbì wọn pàdé.

Fọ́ltéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọn féèsì nítorí kí wọ́n lè mọ bí kọ́rẹ́ǹtì ṣe kẹ́yìn fọ́ltéèjì lára kọ́ìlì, tàbí bó ṣe ṣíwájú rẹ̀ lára kapásítọ̀. Skóòpù kì í ka kọ́rẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ fi résísítọ̀ kékeré sí ọ̀nà kọ́rẹ́ǹtì, ní apá gíráóǹdù, kí ẹ wọn fọ́ltéèjì orí rẹ̀ pẹ̀lú CH2. CH1 á wọn gbogbo rẹ̀ láti òkè. Résísítọ̀ náà gbọ́dọ̀ kéré gan-an sí ẹrù (load, ohun tó ń lo iná) tí ẹ ń wọ̀n, torí CH1 ń ka fọ́ltéèjì tirẹ̀ mọ́ ti ẹrù náà.

Ẹ má ṣe gbé èyí lọ sórí iná ilé bẹ́ẹ̀. Gíráóǹdù próòbù ti dé orí ẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fi í kan wáyà tó ní iná, iná á ṣán lójú ẹsẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn. Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì kúrò lára púlọ́ọ̀gì skóòpù láti yẹra fún èyí. Ìyẹn burú jù, torí ara skóòpù fúnra rẹ̀ ló máa gbé iná. Próòbù oníyàtọ̀ tí wọ́n ṣe fún fọ́ltéèjì gíga àti próòbù kọ́rẹ́ǹtì tó ń gbá wáyà mọ́ra ni ohun èlò iṣẹ́ náà. Ẹ wá òdo fún wọn pẹ̀lú, nítorí wọ́n ń dá sígínà dúró ju próòbù lásán lọ.

Bí ìgbì méjèèjì bá jẹ́ sáìnì, kọ́sáìnì igun tí ẹ rí ni power factor, ìyẹn ìdá agbára iná tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bí kọ́rẹ́ǹtì bá ń fò ṣóńṣó ṣóńṣó, bíi ti àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ AC di DC, igun yẹn kò tó mọ́. Ẹ lo MATH láti sọ CH1 àti CH2 di púpọ̀ mọ́ra wọn, ẹ ka MEAN (ìpíndọ́gba) èsì náà lórí iye àyípo tó pé, kí ẹ fi RMS CH1 (iye fọ́ltì rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́) pín in, kí ẹ tún fi RMS CH2 pín in. Iye résísítọ̀ kékeré yẹn wà lókè àti nísàlẹ̀ ìpín náà, ó á pa ara rẹ̀ rẹ́, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ mọ̀ ọ́n gẹ́lẹ́.